Hándù tó ń yí, tó ń mì: bí ẹ ṣe lè dè é tí kò ní tú mọ́

Ẹ ti dè é tán. Ẹ fi gbogbo agbára dè é títí àtẹ́lẹwọ́ yín fi pọ́n. Ẹ gun kẹ̀kẹ́ jáde, táyà kó sí kòtò kékeré kan, hándù tún dojú kọlẹ̀. Tàbí kẹ̀, ẹ tẹ bíréèkì iwájú, ẹ gbọ́ "kọ́" lábẹ́ ọwọ́ yín. Ẹ padà sílé, ẹ tún dè é sí i, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀, títí bóòtù fi já sínú ihò.

Nínú ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ tí mo ti rí, kì í ṣe pé bóòtù kò fún tó. Bóòtù tí ọ̀rọ̀ kò kàn ni wọ́n ń dè, tàbí kí wọ́n fi èyí tó yẹ kó gbẹ̀yìn ṣáájú. Hándù básíkùlù òde òní sábà máa ń ní bóòtù méje: ọ̀kan lórí, méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́, mẹ́rin níwájú. Iṣẹ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń ṣe, ọ̀kan kì í sì bá èkejì ṣe tirẹ̀. Ẹ máa dè èyí tó wà lórí títí di ọ̀la, hándù tó ń yí kò ní yé yí.

Kí ọ̀rọ̀ lè yé wa: hándù ni irin tí ọwọ́ dì mú. Ọrùn ni irin kúkúrú tó so hándù mọ́ páìpù fọ́ọ̀kì. Páìpù fọ́ọ̀kì ló gba inú férémù kọjá lọ sísàlẹ̀, bíárìn ló sì jẹ́ kó lè yí níbẹ̀. Ìdìmú ni mo máa pe ibikíbi tí irin kan ti gbá irin mìíràn mọ́ra tí bóòtù sì fún un pọ̀.

Ohun tí ẹ máa kó sílẹ̀

- Álìnkì (irin tó tẹ̀ bíi lẹ́tà L, tó ní ihà mẹ́fà) 4, 5 àti 6 mm. Fún alùpùpù, ẹ fi sọ́kẹ́ẹ̀tì 10, 12 àti 14 mm kún un. Álìnkì tí ihà rẹ̀ ti jẹ, ẹ sọ ọ́ nù. Òun ló ń ba orí bóòtù jẹ́.
- Aṣọ gbígbẹ méjì àti sípíríìtì díẹ̀.
- Gíríìsì, ìwọ̀n orí ìka kan péré.
- Téèpù tàbí màákà tí ẹ máa fi sàmì.
- Ìwé tó bá ọkọ̀ náà wá, tó bá ṣì wà lọ́wọ́.
- Sípánà tó ń wọn agbára, tí ẹ bá rí i yá.

Ọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí sípánà yẹn. Ara ọ̀pọ̀ ọrùn kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ti kọ nǹkan bíi "5 Nm" sí. Nm (newton-mítà) ni wọ́n fi ń wọn agbára ìyípo tí ẹ fi ń dè bóòtù. Nọ́ńbà yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́, ó ń sọ ibi tí ó yẹ kí ẹ ti dúró. Tí ẹ kò bá ní sípánà náà, ẹ ṣírò rẹ̀ báyìí: álìnkì tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 10, tí ẹ fi agbára tó tó ìwúwo kílò 5 tẹ ìdí rẹ̀, 5 Nm nìyẹn. Sípánà tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 20, tí ẹ fi ìwúwo kílò 12 àti ààbọ̀ tẹ̀, 25 Nm nìyẹn. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ òṣùwọ̀n kan títí yóò fi ka 5, kí ọwọ́ yín lè mọ bó ṣe rí. Ẹnu máa yà yín bó ṣe kéré tó sí bí ẹ ti ń dè é tẹ́lẹ̀. Hándù tàbí ọrùn tí wọ́n fi carbon (okùn èédú tín-ín-rín tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀, kì í ṣe irin) ṣe nìkan ni n kò ní gbà yín nímọ̀ràn àfọwọ́wọ̀n yìí fún. Irin máa ń tẹ̀ kó tó ṣẹ́. Carbon kì í kìlọ̀.

Ìpele 1: Ẹ wá ibi tó ti ń yẹ̀

Ẹ má tíì fọwọ́ kan álìnkì. Ìdánwò mẹ́ta ló wà.

1. Ẹ dúró síwájú kẹ̀kẹ́, ẹ fi orúnkún méjèèjì há táyà iwájú mọ́, kí ẹ wá yí hándù sọ́tùn-ún sósì. Bí hándù bá yí tí táyà kò tẹ̀ lé e, ibi tí ọrùn ti gbá páìpù fọ́ọ̀kì mú ló tú.
2. Ẹ fi ìwúwo ara yín tẹ ìkángun hándù méjèèjì sílẹ̀. Bó bá yí lọ síwájú tàbí sẹ́yìn bí ìgbà tí wọ́n ń yí ọ̀pá, ìdìmú hándù ló tú.
3. Ẹ tẹ bíréèkì iwájú, ẹ fi ìka ọwọ́ kejì kan ibi tí férémù àti fọ́ọ̀kì ti pàdé, kí ẹ wá ti kẹ̀kẹ́ síwájú sẹ́yìn. Bí ìka yín bá gbọ́ "kọ́, kọ́" níbẹ̀, bíárìn ló ní àyè nínú.

Ìdánwò kẹta yìí ló ń tan àwọn ènìyàn jù. Rọ́bà bíréèkì náà máa ń mì díẹ̀ nínú ilé rẹ̀, fọ́ọ̀kì tó ní ṣọ́ọ̀kì náà sì máa ń mì bó bá ti pẹ́. Láti yọ iyèméjì, ẹ fi bíréèkì sílẹ̀, ẹ yí táyà sí ẹ̀gbẹ́ pátápátá, kó dábùú ọ̀nà, kí ẹ tún ti kẹ̀kẹ́ síwájú sẹ́yìn. Bí "kọ́, kọ́" yẹn bá ṣì wà, bíárìn ni. Bó bá dákẹ́, ọ̀rọ̀ bíréèkì tàbí ṣọ́ọ̀kì ni, hándù kò mọwọ́mẹsẹ̀.

Fún sùkútà tó ń ká (èyí tó ń lo bátìrì, tí ènìyàn ń dúró lé lórí), ẹ fi ìdánwò kẹrin kún un: ẹ fẹsẹ̀ kan tẹ pátákó ìdúró mọ́lẹ̀, ẹ mú ọ̀pá gígùn náà, ẹ mì í. Ẹ wo oríkèé tó ń ká, kì í ṣe hándù. Ibẹ̀ ni ẹ máa ti rí i.

Kí ẹ tó kúrò níbí, ẹ gbọ́dọ̀ lè fi ìka tọ́ka sí ibì kan pé "níbí ló ti ń yẹ̀." Bí ẹ kò bá tíì lè tọ́ka sí i, ẹ tún ìdánwò ṣe.

Ìpele 2: Ẹ nù ún, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò

Ẹ tú ìdìmú tó ń yẹ̀, ẹ fi aṣọ àti sípíríìtì nu inú rẹ̀ àti ara hándù tó wà níbẹ̀. Òógùn, òróró àti eruku ló máa ń jẹ́ kí hándù yọ̀ lábẹ́ bóòtù tó ti fún pinpin. Èmi náà ti ṣe é rí: mo ra gíríìsì sínú ìdìmú kí irin lè wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, mo dè é dáadáa, hándù sì dojú kọlẹ̀ lójú ọ̀nà bí ẹni pé n kò dè é rárá. Eyín bóòtù ni gíríìsì wà fún. Ojú ibi tí irin ti ń di irin mú gbọ́dọ̀ gbẹ.

Àyàfi bí bóòtù bá jáde pẹ̀lú gọ́ọ̀mù gbígbẹ, aláwọ̀ búlúù lọ́pọ̀ ìgbà, lára eyín rẹ̀. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi síbẹ̀ kó má baà tú fúnra rẹ̀ ni. Ẹ nu èyí tó kù kúrò, ẹ kán irú rẹ̀ tuntun sí i, ẹ má fi gíríìsì sí i.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo irin fúnra rẹ̀ ní ìmọ́lẹ̀. Ìlà tín-ín-rín bí irun lẹ́bàá ìdìmú, ojú tó wọnú, hándù tó tẹ̀ nígbà tí kẹ̀kẹ́ ṣubú: gbogbo wọn, ẹ pààrọ̀ ni. Ẹ má na hándù alumíníọ́mù tó ti tẹ̀ padà. Ó lè gún bó ti wà tẹ́lẹ̀ lójú, ṣùgbọ́n ibi tó ti tẹ̀ yẹn ti rẹ̀, ibẹ̀ ló sì máa dá sí méjì.

Bí bóòtù bá ti dípẹtà tí kò fẹ́ tú, ẹ kán òróró ìtúpẹtà sí i, ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí díẹ̀, ẹ rí i pé álìnkì wọlé dé ìdí kí ẹ tó yí i. Ìdajì ihò tí álìnkì kò wọ̀ tán ni ọ̀pọ̀ orí bóòtù ti ń jẹ.

Ìpele 3: Básíkùlù

Ẹ wo orí ọrùn kẹ̀kẹ́ yín. Bí bóòtù méjì bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó fún ọrùn mọ́ páìpù, tí ìdérí rúbúrúbú kan sì wà lókè, irú tòde òní nìyẹn. Ètò rẹ̀ rè é, ẹ má sì ṣe pààrọ̀ rẹ̀:

1. Ẹ dẹ̀ bóòtù ẹ̀gbẹ́ méjèèjì títí ọrùn yóò fi lè yí. Ẹ kò ní láti yọ wọ́n.
2. Ẹ wá dè bóòtù ìdérí òkè, díẹ̀díẹ̀, ìdá mẹ́rin àyíká kan lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ tún ìdánwò bíréèkì iwájú ṣe. Níbi tí "kọ́, kọ́" bá ti dákẹ́ ni kí ẹ dúró. Kì í sábà ju 2 tàbí 3 Nm lọ.
3. Ẹ gbé iwájú kẹ̀kẹ́ sókè, ẹ jẹ́ kí hándù yí fúnra rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì. Bó bá ń lọ́ra tàbí tó ń há, ẹ ti dè ìdérí jù. Ẹ dẹ̀ ẹ́ díẹ̀.
4. Ẹ dúró lórí kẹ̀kẹ́, ẹ wo ilẹ̀ láti orí hándù, kí ẹ sì mú un bá táyà dọ́gba. Fọ́ọ̀kì ló rọrùn jù láti fi wé e: kí hándù bá èjìká fọ́ọ̀kì méjèèjì dọ́gba. Ẹni tó bá ń wo táyà nìkan, ojú á máa tàn án.
5. Ẹ wá dè bóòtù ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, díẹ̀ sí ọ̀kan, díẹ̀ sí èkejì, títí wọ́n á fi dé nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára ọrùn. Lára ọ̀pọ̀ ọrùn, 5 tàbí 6 Nm ni.

Ẹ kíyè sí i pé bóòtù òkè kò di ọrùn mú rárá. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kó fún bíárìn pọ̀ lọ, ó sì ti parí rẹ̀ ní ìgbésẹ̀ 2. Nígbà tí ẹ bá dè ti ẹ̀gbẹ́ tán ni ọrùn tó di páìpù mú. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ẹni tó kọ́kọ́ dè ti ẹ̀gbẹ́ kó tó dè ti òkè fi ń ṣe lásán: ọrùn ti dúró gbagidi, ìdérí kò rí ohun tó máa tì sísàlẹ̀. Bóòtù òkè á fún pinpin, bíárìn á ṣì máa mì.

Nígbà míì, ẹ máa dè òkè títí, "kọ́, kọ́" kò ní lọ. Ẹ yọ ìdérí, ẹ wo inú. Orí páìpù fọ́ọ̀kì gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀ ní bíi mìlímítà 3 sí orí ọrùn. Bí méjèèjì bá dọ́gba, orí páìpù ni ìdérí ń tẹ̀, kì í ṣe ọrùn. Ẹ fi òrùka kan kún un sábẹ́ ọrùn tàbí sórí rẹ̀, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀.

Ní ti bóòtù mẹ́rin iwájú tó di hándù fúnra rẹ̀ mú, ẹ fi ọwọ́ lásán yí gbogbo wọn wọlé kí ẹ tó fi álìnkì kan èyíkéyìí. Lẹ́yìn náà, ẹ máa dè wọ́n ní ìdábùú: òkè ọ̀tún, ìsàlẹ̀ òsì, òkè òsì, ìsàlẹ̀ ọ̀tún, ìdá mẹ́rin àyíká lẹ́ẹ̀kan. Àlàfo tó wà lókè àti nísàlẹ̀ ìdìmú gbọ́dọ̀ dọ́gba, àfi bí wọ́n bá kọ ọ́ sára rẹ̀ pé kí ti òkè pàdé pátápátá. Ẹni tó bá dè òkè méjèèjì tán kó tó kan ìsàlẹ̀, ìdìmú rẹ̀ á dà bí ẹnu tó wọ́: ó jọ pé ó le, àmọ́ ẹ̀gbẹ́ kan péré ló ń di hándù mú, bóòtù ìsàlẹ̀ á sì máa tẹ̀ títí yóò fi ré.

Ẹ tún ìdánwò 1, 2 àti 3 ṣe. Ọ̀kankan kò gbọdọ̀ yẹ̀.

Kẹ̀kẹ́ àtijọ́ kò ní gbogbo èyí. Bóòtù kan ṣoṣo ló wà lórí ọrùn tirẹ̀, tó gba inú rẹ̀ lọ fa irin kan tó há sínú páìpù. Ẹ dẹ̀ ẹ́ ní àyíká mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ẹ gbé igi lé orí bóòtù náà, kí ẹ fi òòlù gbá a pẹ́ẹ́ kí irin inú lè bọ́. Ẹ ra gíríìsì sára ọrùn tó wọnú páìpù. Òun nìkan ni mo gbà láyè, torí bí kò bá sí i, ìpẹtà á so méjèèjì pọ̀. Ìlà kan wà lára ọrùn náà tó ń fi bó ṣe lè ga tó hàn. Bí ìlà yẹn bá yọ síta, ọrùn ti ga jù, ó sì lè fa páìpù ya.

Ìpele 4: Sùkútà tó ń ká

Ẹ pa iná rẹ̀. Wáyà bíréèkì àti ti ojú ìwòran gba inú ọ̀pá kọjá. Bí ẹ bá yọ hándù, ẹ má fà á, ẹ gbé e sókè díẹ̀ kí ẹ wo ibi tí wọ́n ti so wáyà pọ̀.

Bó bá jẹ́ hándù ló ń mì lórí ọ̀pá, ẹ wá àwọn sùkúrù tó so méjèèjì pọ̀, mẹ́rin lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ dẹ̀ gbogbo wọn, ẹ tẹ hándù wọlé dé ìdí, ẹ fọwọ́ yí gbogbo wọn wọlé, kí ẹ tó wá dè wọ́n ní ìdábùú. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ọ̀kan sábà máa ń ti sọnù kí ẹ tó mọ̀, mẹ́ta tó kù ló ń jẹ ẹrù rẹ̀.

Àmọ́ oríkèé tó ń ká ni ẹjọ́ pọ̀ sí jù lọ. Lẹ́bàá ìkọ́ tí ẹ fi ń tì í, sùkúrù tàbí nọ́ọ̀tì kékeré kan sábà máa ń wà tó ń pinnu bí ìkọ́ ṣe máa fún tó. Ẹ ṣí ìkọ́, ẹ dè sùkúrù náà ní ìdá mẹ́rin àyíká, ẹ tì í padà, ẹ mì í wò. Ẹ tún un ṣe bí ó bá yẹ. Ìwọ̀n tó dáa ni pé kí àtẹ́lẹwọ́ yín ní láti tẹ ìkọ́ gan-an kó tó wọlé, kí ó má sì jẹ́ pé ẹsẹ̀ lẹ fi ń tì í. Bí ẹ bá dè é kọjá ibẹ̀, ìkọ́ á ya tàbí kí pín-ìn-nì inú oríkèé tẹ̀, ọ̀pá á sì wó lulẹ̀ nígbà tí ẹ wà lórí eré.

Mo ti rí àwọn tó fi páálí tàbí agolo tí wọ́n gé há oríkèé yẹn kó má baà mì. Ọjọ́ díẹ̀ ló ń gbà. Páálí á rọ̀, agolo á jẹ ara irin, oríkèé á wá burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí sùkúrù bá ti dé ìdí tó ṣì ń mì, pín-ìn-nì ló ti jẹ, òun ni kí ẹ pààrọ̀.

Ẹ ká a, ẹ ṣí i, ẹ tì í lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kí ẹ tún mì í. Bó bá ṣì dúró gbagidi, ó ti gbà.

Ìpele 5: Alùpùpù

Ẹ da aṣọ bo táńkì epo. Bóòtù mẹ́rin ló sábà di hándù mú, méjì lọ́tùn-ún, méjì lósì, iwájú kan ẹ̀yìn kan.

1. Ẹ dẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ jókòó bí ẹ ti ń jókòó wakọ̀, ẹ di hándù mú kí ẹ sì yí i síbi tí ọrùn ọwọ́ yín ti gún. Lára ọ̀pọ̀ hándù, àmì tótó kan wà tí wọ́n lù sára irin, tó yẹ kó bá ẹnu ìdìmú pàdé. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.
2. Ẹ wo orí ìdìmú bóyá àmì tótó tàbí ọfà wà níbẹ̀. Bó bá wà, iwájú ló máa ń kọjú sí, bóòtù iwájú lẹ sì máa dè tán kí ẹ tó dè ti ẹ̀yìn; àlàfo á wà lẹ́yìn nìkan. Bí kò bá sí àmì, ẹ jẹ́ kí àlàfo iwájú àti ẹ̀yìn dọ́gba. Ìwé ọkọ̀ ló ní àṣẹ bó bá sọ ohun mìíràn.
3. Bóòtù 8 mm tó wà níbẹ̀ sábà máa ń gba 20 sí 30 Nm. Ẹ má gun sípánà lẹ́sẹ̀.

Alùpùpù tó ti ṣubú jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Ẹ ń lọ tààrà, hándù wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan: kì í sábà ṣe ìdìmú hándù. Ọ̀pá ṣọ́ọ̀kì iwájú ló ti lọ́ nínú irin tó dì wọ́n mú, tàbí kó ti tẹ̀. Ẹni tó bá dè hándù sí ẹ̀gbẹ́ kejì kó lè jọ pé ó gún, ó bo egbò mọ́lẹ̀ ni. Iṣẹ́ mẹkáníìkì nìyẹn, torí táyà iwájú àti bíréèkì wà nínú rẹ̀.

Ní ti bíárìn, ẹ gbé táyà iwájú kúrò nílẹ̀, ẹ mú hándù dúró láàárín, kí ẹ fi ìka kan tì í. Ó gbọ́dọ̀ ṣubú sí ẹ̀gbẹ́ wọ́ọ́rọ́wọ́. Bí nǹkan bá ń dá a dúró láàárín gangan bí ẹni pé ó wọ ihò kan, bíárìn ti jẹ kòtò síbẹ̀. Kò sí dídè tó lè wo ìyẹn sàn, tuntun ni.

Sùkútà oní-ẹ́ńjìnnì kì í rí báyìí. Ẹ gbọ́dọ̀ yọ ike tó bo hándù kí ẹ tó rí bóòtù. Lára ọ̀pọ̀ wọn, bóòtù nínípọn kan ṣoṣo ló dábùú, ó sì gba ojú ibi tí wọ́n gé lára páìpù kọjá. Bí bóòtù náà kò bá fẹ́ wọlé, ẹ má fi òòlù gbá a. Hándù kò tíì jókòó dé ìdí ni. Ẹ mì í díẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, bóòtù á kọjá fúnra rẹ̀.

Ìpele 6: Ọwọ́ bíréèkì àti kébù

Bí hándù bá ti kúrò níbi tó wà, ohun gbogbo tó wà lórí rẹ̀ náà ti kúrò. Ẹ jókòó, ẹ na apá, ẹ gbé ìka lé ọwọ́ bíréèkì: kí apá, ọrùn ọwọ́ àti ìka wà lójú ìlà kan. Ẹ kò gbọdọ̀ gbé ọrùn ọwọ́ sókè kí ẹ tó lè kàn án. Bóòtù ọwọ́ bíréèkì kò sì ní láti fún bíi ti ọrùn hándù. Èmi a máa fi í sílẹ̀ níbi tí kò ti ní yí tí mo bá ń lò ó, ṣùgbọ́n tí yóò yí bó bá gbálẹ̀, kó má baà ṣẹ́.

Ẹ yí hándù dé òpin lọ́tùn-ún, ẹ yí i dé òpin lósì. Kò sí kébù tó gbọ́dọ̀ nà tàbí kó há sáàárín irin. Lára alùpùpù, ẹ ṣe é ní gbangba, jíà ní ńtírà, kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́: bí ohùn ẹ́ńjìnnì bá ga sókè bí ẹ ṣe ń yí hándù, kébù ìfúnná (ibi tí ọwọ́ ọ̀tún ń yí láti fún ẹ́ńjìnnì lépo) ti ń nà, ẹ kò gbọdọ̀ gùn ún jáde bẹ́ẹ̀. Ẹ yí ìfúnná, ẹ fi í sílẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ fò padà fúnra rẹ̀. Kí ó ní àyè mìlímítà 2 sí 6 kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fa kébù.

Ìpele 7: Kí ẹ tó gùn ún

Ẹ fi màákà fa ìlà kan tó ti orí ìdìmú kọjá sára hándù, àti òmíràn láti ọrùn sí òrùka tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ rọra gùn ún níbi tí ọkọ̀ kò sí, ẹ tẹ bíréèkì iwájú díẹ̀díẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Ẹ sọ̀kalẹ̀, ẹ wo ìlà náà.

Ẹ tún wò ó lẹ́yìn kìlómítà 50 sí 100, nítorí irin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé máa ń jókòó. Bóòtù tó bá dẹ̀ díẹ̀ nígbà náà kò ní ẹ̀sùn, ẹ dá a padà sí nọ́ńbà rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìlà bá ti yà kúrò lójú ara wọn, ẹ má kàn gbé álìnkì kí ẹ tún un dè. Ẹ tú ìdìmú náà, ẹ padà sí ìpele 2. Òróró, irin tó ti jẹ, tàbí hándù tí sáìsì rẹ̀ kò bá ìdìmú mu ló wà níbẹ̀.